Ọ̀rọ̀ Àgbà fún Ẹni Tó Ra Ọkọ̀ Tó Ní Tọ́bò: Ẹ̀yìn Gálọ́ọ̀nù Ọ́ìlì Ni Kó O Kà

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o ti ra mọ́tò. Mo yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí o gbé e sí, mo rí TSI tí wọ́n kọ sí i, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o fìdí kalẹ̀ ná. Tọ́bò wà nínú ẹ́ńjìnnì yẹn, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó ní tọ́bò kì í mu irú ọ́ìlì tí ọkọ̀ bàbá rẹ mu. Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná nígbà kan rí àti Beetle tí wọ́n ń tò lójú ọ̀nà Bàdágìrì nígbà náà, ọ́ìlì tó bá ti ń yọ̀ lọ́wọ́ ni a ń dà sí wọn, wọ́n sì ń gbé wa re oko, wọ́n ń gbé wa bọ̀. Àwọn yẹn máa ń dárí ji ni. Èyí tí o rà yìí kì í dárí ji ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́, nítorí náà fetí sílẹ̀.

1. Kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ. Bí o bá rí TSI, TFSI, EcoBoost tàbí 1.5T lára ọkọ̀, tọ́bò ló wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn kì í kọ ọ́ síta rárá: Mercedes C250 ọdún 2012 tí àwọn ọ̀dọ́ ń wá kiri, ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 tó ní tọ́bò ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wà á ni kò sì mọ̀. Iṣẹ́ tọ́bò kò ṣòro. Èéfín tó ń tú jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń yí abẹ̀bẹ̀ irin kékeré kan. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan so abẹ̀bẹ̀ yìí mọ́ èkejì, èkejì ló ń fipá ti afẹ́fẹ́ wọlé kí ẹ́ńjìnnì kékeré lè ní agbára ńlá. Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí lọ́dún 1905. Ohun tó kàn ọ́ nínú rẹ̀ ni pé ọ̀pá náà lè yí ju ìgbà 150,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, ẹ̀gbẹ́ èéfín rẹ̀ sì lè gbóná dé nǹkan bí 950 lórí ìwọ̀n Celsius. Nínú gbogbo eré yẹn, irin kò gbọdọ̀ fara kan irin. Ọ́ìlì tó fẹ́lẹ́ ju bébà lọ ló gbé ọ̀pá náà dúró, òun náà ló sì ń gbé ooru kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ tí ọ́ìlì bá kùnà, irin á pàdé irin, owó tọ́bò mìíràn lo máa wá.

2. Ìwé ọkọ̀, èyí tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń lò ó, ni kó o bi, má bi ẹni tó ń ta ọ́ìlì. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì ti da oríṣiríṣi ọ́ìlì sínú rẹ̀, wọ́n ti fi sáré fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n ti tú u palẹ̀ wò, kí wọ́n tó fi nọ́ńbà kan lélẹ̀ pé èyí tó yege nìyí. Ọ̀pọ̀ Volkswagen àti Audi tó ń lo bẹntiróòlù ń béèrè VW 502 00. Mercedes ní 229.5. BMW ní Longlife-01. Chevrolet ń béèrè dexos1, ti Ford sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WSS-M2C. Má gbọ́ èyí tán kó o sáré lọ sọ́jà o. Ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ àti irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀ ló ń sọ èyí tó tọ́. Golf tuntun lè béèrè 508 00, tó jẹ́ 0W-20, ṣùgbọ́n Golf ọdún 2010 kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Nínú àwọn Ford EcoBoost lítà 1.0 tó kọ́kọ́ jáde, bẹ́líìtì táímìn ń yí nínú ọ́ìlì fúnra rẹ̀: bí ọ́ìlì kò bá jẹ́ èyí tí Ford fọwọ́ sí, á máa jẹ rọ́bà bẹ́líìtì náà, èérún rẹ̀ á lọ dí ẹnu ibi tí pọ́ǹpù ti ń fa ọ́ìlì. Ṣé o rí i pé ọ̀rọ̀ náà kọjá kí nǹkan ṣáà ti yọ̀. Bí ìwé kò bá bá tòkunbọ̀ rẹ wá, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti gbé ìwé ọkọ̀ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Fi nọ́ńbà ṣáńsísì mọ ọdún àti ẹ́ńjìnnì rẹ, kó o wá ti tìrẹ.

3. Bọ̀wọ̀ fún mẹkáníìkì rẹ, ṣùgbọ́n ìwọ ni kó o ra ọ́ìlì. Bó bá jẹ́ orí ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò ló ti kọ́ṣẹ́, ọ́ìlì “fọ́tì”, ìyẹn 40, ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Má fi ìwé gún un lójú níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́: “Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ìwé ọkọ̀ sọ nìyí, mo ti rà á dání.” Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á gbà á lọ́wọ́ rẹ, á sì máa ka ìwé ọkọ̀ oníbàárà mìíràn náà.

4. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi “ilẹ̀ wa gbóná” ta ọ́ìlì tó ki fún ọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti ba ọkọ̀ púpọ̀ jẹ́ lójú mi. Tẹ́mósítáàtì ló ń pinnu bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa gbóná tó, ì báà jẹ́ ní Munich, ì báà jẹ́ ní Mọ́kọ́lá, àfi bí wọ́n bá ti yọ tẹ́mósítáàtì rẹ jù nù, àṣà burúkú tó yẹ kí a fi ọjọ́ mìíràn bá a wí. Nínú 5W-30, 5W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn tó nígbà tó bá tutù, 30 ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100 lórí ìwọ̀n Celsius. Nígbà tí o bá fẹ́ jí ọkọ̀ láàárọ̀, kódà kí oòrùn Èkó ti yọ, ọ́ìlì tútù ni lójú ẹ́ńjìnnì. 20W-50 á máa fà tìkọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ tọ́bò, nígbà náà sì rèé, ọ̀pá ti ń yí. Bí ìwé ọkọ̀ rẹ bá ní àtẹ tó gba 5W-40 láàyè fún ilẹ̀ tó gbóná, mú un pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Inú àtẹ yẹn ni kó o ti yan.

5. Gálọ́ọ̀nù méjì tí wọ́n kọ 5W-30 sí lè máà jẹ́ nǹkan kan náà. Táyé tó wà ní Ìgbóho àti Táyé tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ilé kan náà kọ́ ni wọ́n ti wá. Àwọn onímọ̀ máa ń yí ọ́ìlì gírígírí nínú ẹ̀rọ nígbà tó bá gbóná dé 150, kí wọ́n wo bóyá ó ṣì ki tó láti ya irin méjì sọ́tọ̀. Ọ́ìlì tó bá ń jẹ́ A3/B4 lọ́dọ̀ ACEA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ní Yúróòpù, kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 3.5 lọ nínú ìdánwò yìí. A5/B5 lè wà láàárín 2.9 sí 3.5. Méjèèjì lè jẹ́ 5W-30. VW 502 00, Mercedes 229.5 àti BMW Longlife-01, èyí tó dúró lórí 3.5 sókè ni gbogbo wọn fẹ́. Nítorí náà, iwájú gálọ́ọ̀nù kò tíì sọ nǹkan kan fún ọ. Yí i padà, ka ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ lẹ́tà wẹ́wẹ́.

6. Lẹ́tà API, àjọ àwọn elépo rọ̀bì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, má fojú fò ó. S ni ti bẹntiróòlù. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ń lọ síwájú bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. API fúnra wọn sọ pé SF kò yẹ fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1988, pé SJ wà fún ẹ́ńjìnnì ọdún 2001 sẹ́yìn. Lọ wo pẹpẹ ọlọ́ìlì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ títì, o ó bá SF níbẹ̀ tó ń dán gbinrin. Fún tọ́bò òde òní, SP ni kó o wá, tàbí SQ tó jáde ní 2025, bí ìwé ọkọ̀ rẹ kò bá béèrè nǹkan mìíràn. Ìdí rèé. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ní tọ́bò, tó ń fọ́n epo tààrà sínú sìlíńdà, ní àrùn kan: bí o bá tẹná mọ́ ọn gidi nígbà tó ṣì ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, epo lè gbiná kí plọ́ọ̀gì tó dá iná. Ìró rẹ̀ á dún bí ẹni fi òòlù lu irin, ó sì lè la písítìnnì sí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé kálísíọ̀mù tó pọ̀ nínú èròjà tí ń fọ ẹ́ńjìnnì mọ́ wà lára ohun tó ń fà á. Wọ́n wá yí àdàlù ọ́ìlì padà, wọ́n sì fi ẹ́ńjìnnì Ford EcoBoost lítà 2.0 ṣe ìdánwò rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020 ni SP bẹ̀rẹ̀ sí hàn lára gálọ́ọ̀nù, ìdánwò yìí sì wà nínú rẹ̀. SF, SJ, SL, kò sí èyí tó mọ nǹkan kan nípa àrùn yìí, torí àwọn onímọ̀ ò tíì mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n ṣe àwọn ọ́ìlì yẹn. Ìwọ náà, bí o bá ń gun òkè Mápó, jẹ́ kí gíà wálẹ̀ kó o tó tẹná.

7. “Approval” ni kó o wá, má gba “Meets” bí ẹni gba ọ̀kan náà. Bí wọ́n bá kọ “MB-Approval 229.5” sẹ́yìn gálọ́ọ̀nù, ẹni tó ṣe ọ́ìlì náà ti gbé e lọ fún Mercedes, Mercedes ti fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá kọ “Meets” tàbí “Recommended for”, ẹlẹ́rù ló ń yin ẹrù rẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Kò sí ẹlẹ́rìí níbẹ̀ ni. Mercedes gbé orúkọ gbogbo ọ́ìlì tó fọwọ́ sí sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ló lè kà á lórí fóònù kó tó sanwó.

8. Ohun tó tọ́ ní Jámánì lè máà tọ́ níbí, kódà kó wà nínú ìwé. Láti ọdún 2009, òfin Yúróòpù kò gba kí imí-ọjọ́ inú bẹntiróòlù ju ìdá 10 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Epo tiwa kì í fi gbogbo ìgbà mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì tí eérú rẹ̀ kéré, irú VW 504 00, Mercedes 229.51 àti BMW Longlife-04, epo tó mọ́ ni wọ́n rò kí wọ́n tó ṣe wọ́n. Agbára tí wọ́n fi ń pa ásíìdì tí imí-ọjọ́ ń dá sílẹ̀ kò pọ̀. Fún ìgbà pípẹ́ ni ìwé BMW fi ń sọ ọ́ kedere pé Yúróòpù nìkan ni kí wọ́n ti da Longlife-04 sínú ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, pé Longlife-01 ni kí àwọn ibòmíràn lò. Bí tìrẹ bá jẹ́ dísẹ̀lì tó ní fílítà nínú ọ̀pá èéfín, ọ̀rọ̀ yí padà: eérú á dí fílítà yẹn, ọ́ìlì eérú kékeré ni kó o lò, kó o sì tètè máa pààrọ̀ rẹ̀. Ka ojú ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ tí epo rẹ̀ kò mọ́. Ó máa ń wà níbẹ̀. Àwa la kì í kà á.

9. Má tẹ̀ lé 30,000 kìlómítà tí wọ́n kọ sínú ìwé àwọn ará Yúróòpù. Pa á rẹ́ lọ́kàn rẹ. Kìlómítà 5,000 tàbí oṣù mẹ́fà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, ni kó o fi ṣe òfin. Wákàtí méjì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọ̀jọ́ta kì í fi bẹ́ẹ̀ yí nọ́ńbà kìlómítà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì ń jóná díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà pàápàá jẹ ìyà yìí. Passat 1.8T ti ọdún 1998 sí 2004 àti Audi A4 1.8T ti 1997 sí 2004, ọ́ìlì inú wọn ń di ẹrẹ̀ dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí Volkswagen ibẹ̀ fi ní láti fa wáráńtì gùn dé ọdún mẹ́jọ nítorí rẹ̀, fún ẹni tó bá lè fi rìsíìtì hàn pé òun ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Tọ́jú rìsíìtì rẹ.

10. Ọ́ìlì dúrọ́ọ̀mù, má fi ojú kàn án. Mo dúró ti mẹkáníìkì kan ní Ìbàdàn nígbà tó ń tú tọ́bò ọkọ̀ ọmọkùnrin kan tó fi díẹ̀ jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí. Páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí tọ́bò kò nípọn ju bírò lọ. Ọ̀gá náà fi ẹnu fẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ kò kọjá. Ó fi wáyà ha á, èédú dúdú ló ń já bọ́ lórí páálí, ó le, ó ń dún kò-kò-kò. Ó wá di ẹnu ọ̀pá mú, ó ń mì ín síwá-sẹ́yìn. Ẹnu abẹ̀bẹ̀ ti ha ara ilé rẹ̀, ó ti ń dán níbi tí kò yẹ kó dán. Ọmọkùnrin náà búra pé òun kì í jẹ́ kí ọjọ́ ìpààrọ̀ ọ́ìlì yẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Wọ́n béèrè ibi tó ti ń rà á, ó ní wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n fún òun láti inú dúrọ́ọ̀mù nítorí pé ó pọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù. Ọ́ìlì àlòkù tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n fi nǹkan pa àwọ̀ rẹ̀ dà, lè wà níbẹ̀, á sì tún máa yọ̀ lọ́wọ́. Ibi tó bá ti gbóná ni àṣírí rẹ̀ ti ń tú, tọ́bò ló sì gbóná jù.

Gálọ́ọ̀nù tí wọ́n dì pa náà ní ayédèrú. Ra lọ́wọ́ ẹni tí ilé-iṣẹ́ ọ́ìlì yan láti máa tajà wọn. Wo ìdérí rẹ̀ bóyá òrùka abẹ́ rẹ̀ kò tíì já, wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí rẹ̀, wo àmì róbótó API tó ní SAE láàárín. Bí iye rẹ̀ bá fi ìdajì dín sí ti ẹlòmíràn, bi ara rẹ léèrè ohun tí wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tí o bá dà á tán, fi ìṣó lu gálọ́ọ̀nù òfìfo yẹn kó o tó jù ú nù. Òfìfo tí o bá fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa tún rọ, tí wọ́n á tà fún àbúrò rẹ.

11. Gálọ́ọ̀nù kan lè máà tó. Lítà mẹ́rin ló wà nínú èyí tí a ń rà. BMW tó ní ẹ́ńjìnnì N20 ń gbà lítà 5; àwọn Volkswagen 2.0 TSI àtijọ́ ń gbà tó 4.6. Bí wọ́n bá da gálọ́ọ̀nù kan sí i tí wọ́n dé e, tọ́bò rẹ ti ń rìn lébi láti ọjọ́ kìíní. N20 yìí àti ọ̀pọ̀ Audi A4 tó jáde lẹ́yìn 2008 kò tilẹ̀ ní géèjì tí o lè fà jáde. Orí dáṣíbọ́ọ̀dù ni wàá ti kà á. Má dà á jù pẹ̀lú. Fílítà tuntun sì ni, gbogbo ìgbà.

12. Má da oògùn kankan sínú ọ́ìlì tó péye. Àwọn tó ṣe é ti wọn èròjà inú rẹ̀ kó tó gba nọ́ńbà. Ohun tí o bá rọ sí i ń ba ìwọ̀n yẹn jẹ́.

13. Bí o bá fi eré wọlé láti márosẹ̀, má pa ọkọ̀ lójijì. Jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Bí o bá pa á nígbà tí tọ́bò ṣì pọ́n bí ẹ̀yinná, ọ́ìlì tó há síbẹ̀ kò rí ibi lọ, á jóná di èédú nínú páìpù.

14. Bí o bá ti da èyí tí kò tọ́ sí i kó o tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, má bẹ̀rù, má sì sún un síwájú. Jẹ́ kí wọ́n tú u dànù pẹ̀lú fílítà, kí wọ́n da èyí tí ìwé sọ sí i, kó o tún pààrọ̀ òun náà lẹ́yìn bíi kìlómítà 2,000, torí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í tán lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, máa kíyè sí ọkọ̀ náà: èéfín tó ní àwọ̀ aró láàárọ̀, ìró súfèé tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ́ìlì tó ń dínkù tí kò sì jò sílẹ̀. Àwọn yẹn lè dúró kí ilẹ̀ mọ́. Iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì kò lè dúró. Bó bá tàn, yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, pa ẹ́ńjìnnì, kódà bí o bá ti ń wo òrùlé ilé rẹ. Má sọ pé kí n ṣáà kọ́kọ́ délé. Pe ẹni tó máa fà á.